Kẹ́hìndé, Ẹ̀rù Náà Ti Wà Kí Fóònù Tó Dé

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o ká ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́ lálẹ́ nígbà tí ilé ti dákẹ́. Ìwé ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, n kò sì fẹ́ kí o máa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà kíláàsì kí ìdajì rẹ̀ bọ́ sọnù. Wá ibi kan jókòó sí kí o kà á. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Mo mọ̀ ọ́, bí ọkàn rẹ bá ti dàrú, oúnjẹ lo kọ́kọ́ ń pa tì.

Ìyá rẹ ti pè mí kí tìrẹ tó dé. Ó ní ìwọ àti Táyé bá àwọn àbúrò bàbá yín lọ sí abúlé ṣáájú nítorí ìsìnkú, òun dúró sẹ́yìn nítorí ọjà tí òun fẹ́ lọ rà ní Èkó. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní abúlé, ni o kò bá jẹ, o kò mu. Wọ́n ní ńṣe lo ń gun àpáta ẹ̀yìn ilé lọ, tí o ń sọ̀ bọ̀, pé bóyá fóònù á mú níbẹ̀. Nígbà tí bátìrì wá kú, o bú sẹ́kún lójú àlejò. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá rẹ, ojú sì tì í. Bí ẹ ṣe padà délé ló gba fóònù náà, ó tì í mọ́ inú àpótí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn, irú fóònù kan náà ni mo rà fún wọn. Táyé ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí tiẹ̀ kú. Kí ló ṣe Kẹ́hìndé?”

Ohun kan náà ni ìwọ náà bi mí, àmọ́ ẹkún wà nínú ohùn tìrẹ. O ní, “Màámi, àbí orí mi ò pé ni?”

Orí rẹ pé, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń gba àwọn ọmọ ilé ìwé girama nímọ̀ràn, ẹ̀sùn fóònù ni àwọn òbí ń mú wá bá mi jù, n kò sì tíì rí ọmọ méjì tí ẹ̀rù ohun kan náà ń bà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá ìyá rẹ dá ọ lẹ́bi lórí fóònù. Mo ní kó tún ìtàn abúlé náà sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mẹ́nu ba ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ kò kà sí. Ó ní nígbà tí òun sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ Ẹtì, o sáré wá dì mọ́ òun, o jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ náà, o sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo bi í bóyá iná ti dé, bóyá ẹnì kan ti bá ọ gba agbára sí fóònù. Ó ní rárá, pé títí ẹ fi kúrò ní abúlé ni fóònù náà fi kú.

Àjọkẹ́, ọmọ tó bá ń sunkún, tó ń nawọ́ sí ibì kan, bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ọ̀nà Èkó ni ìwọ ń nawọ́ sí. Fóònù yẹn wulẹ̀ jẹ́ fèrèsé tí o fi ń wo ọ̀nà ni.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti mọ ìwà rẹ kí ẹnikẹ́ni tó fi fóònù lé ọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí bàbá yín ṣaláìsí, tí ìyá yín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra aṣọ ní ọjà Balógun ní Èkó, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń fi yín sí. Ẹ kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Táyé á ké, á yí mọ́lẹ̀, á di mọ́tò mú. Bí mo bá ti fún un ní àkàrà, ó tán. Ìwọ kì í ké. Ńṣe ni wàá gbé àpótí ìjókòó rẹ sí ẹnu ọ̀nà, wàá kọjú sí títì, wàá sì wà níbẹ̀ títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìró mi lo ń sá sí. Bí wọ́n bá ṣe ọjọ́ ìbí ládùúgbò, Táyé á ti wà láàárín agbo kí ìwọ tó bọ́ bàtà. Bẹ́ẹ̀ a kò kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ a kò nà ọ́ sí i.

Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọdé kan wà ní Harvard nígbà kan tí ń jẹ́ Jerome Kagan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́rin jọ, wọ́n ń mi ohun ìṣeré aláràbarà lójú wọn, wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn tí wọn kò gbọ́ rí, wọ́n ń fi òórùn àjèjì kàn wọ́n nímú. Nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún ló ń ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀ tó sì ń ké. Nǹkan bí méjì nínú márùn-ún kàn dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń wòran ni. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀ yẹn ni ìtìjú àti àníyàn pọ̀ lára wọn ju àwọn yòókù lọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ni kò di ẹni tí àníyàn ń bá fínra. Àbímọ́ fún wọn ní ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò sọ ibi tí wọ́n máa parí sí.

Ní ti pé ìbejì ni yín, tí ìyá rẹ fi ń rò pé ó yẹ kí ìwà yín jọra: ọkùnrin ni Táyé, obìnrin ni ìwọ, ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ti wá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbejì ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó so ẹ̀jẹ̀ yín pọ̀ kò ju èyí tó so tèmi àti ti ìyá rẹ pọ̀ lọ, ìwọ náà sì mọ bí ìwà wa ṣe jìnnà síra tó. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ìbejì sọ pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin sí márùn-ún nínú mẹ́wàá ìyàtọ̀ tó wà nínú ìwà àwọn ènìyàn ló jẹ́ àbímọ́. Àwọn baba wa náà kò pe ìbejì ní ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n ní Táyé ló jáde lọ tọ́ ayé wò, tí Kẹ́hìndé, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sì dúró sẹ́yìn títí ó fi gbọ́ ìròyìn pé ayé dára. Ẹni tó ń jáde lọ ní ìwà tirẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ìròyìn ní ìwà tirẹ̀. A kì í fi ọ̀kan na èkejì.

O ní ìyá rẹ sọ pé melancholic ni ọ́, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ní kíláàsì ìgbéyàwó ní ìjọ. Mo mọ ẹ̀kọ́ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìjọ tí kò dé nílẹ̀ wa. Sanguine, choleric, melancholic, phlegmatic. Ọwọ́ Tim LaHaye, pásítọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1966, ni ọ̀pọ̀ Kristẹni ti gbà á, àmọ́ ó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ ló kọ́kọ́ sọ pé omi mẹ́rin ló wà nínú ara, ìyẹn ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa àti òróòro dúdú, Galen sì so wọ́n mọ́ ìwà. Ìṣègùn ti fi ọ̀rọ̀ omi mẹ́rin náà sílẹ̀ tipẹ́. N kò bá ìjọ yín jà o. Ó sàn kí òbí mọ̀ pé ìwà kò dọ́gba ju kí ó máa fi pàṣán kan náà na gbogbo ọmọ. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí wọ́n fi orúkọ yẹn kàn ọ́ lórí bí èdìdì, kí ìwọ náà sì gbà pé bí o ṣe máa wà títí ayé nìyẹn.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà wo ìwà lóde òní yàtọ̀. Wọn kì í pín ènìyàn sí yàrá yàrá. Wọ́n ń wò ó bí ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń tètè gbọ̀n tó, bó ṣe fẹ́ràn àwùjọ tó, bó ṣe ń létò nídìí iṣẹ́ tó, bó ṣe ń gba ti ẹlòmíràn rò tó, àti bó ṣe ń wá ohun tuntun tó. Gbogbo wa la ní gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò dọ́gba. Nígbà tí wọ́n fi èyí wo àwọn tí fóònù di ìdààmú fún, ohun tó ń jáde jù ni pé àwọn tí ọkàn wọn ń tètè gbọ̀n ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó létò kò sì tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní 2005, nígbà tí fóònù kò ju kí a fi pè, kí a fi kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, Adriana Bianchi àti James Phillips ṣe ìwádìí ní Australia. Àwọn ọ̀dọ́, àwọn tó fẹ́ràn àwùjọ, àti àwọn tí kò ka ara wọn sí ni wọ́n bá nínú wàhálà náà, wọn kò bá àwọn tí ọkàn wọn ń gbọ̀n níbẹ̀. Èmi rò pé fóònù ló yí padà. Nígbà tó jẹ́ ohun ọ̀rọ̀ sísọ lásán, alásọ̀sọ ló kó sọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó di ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn ṣì wà láàyè, bóyá ó ti ka ọ̀rọ̀ wa, bóyá ó ń bínú, ló wá mú irú ìwọ.

Ẹ̀rù àìsí fóònù lọ́wọ́ ti ní orúkọ láti 2008. Post Office ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí YouGov bi àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì léèrè, 53 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo fóònù sì ní ara àwọn kì í balẹ̀ bí fóònù bá sọnù, bí bátìrì tàbí owó ìpè bá tán, tàbí bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò bá sí. Nomophobia ni wọ́n sọ ọ́. Ní 2014 àwọn dókítà kan dábàá pé kí a kọ ọ́ mọ́ àwọn àìsàn ọkàn nínú ìwé DSM tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, kò sì tíì wọ ibẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní aláìsàn, ìwọ náà má sì pe ara rẹ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wúlò fún wa jù ni iṣẹ́ tí Caglar Yildirim àti Ana-Paula Correia ṣe ní Iowa State University ní 2015. Wọ́n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe ìwé ìbéèrè 20 tó fi hàn pé ẹ̀rù mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rù kan. Ọ̀kan ni ẹ̀rù pé n kò ní lè bá èèyàn mi sọ̀rọ̀, wọn kò sì ní lè rí mi bá sọ̀rọ̀. Èkejì ni ẹ̀rù pé mo ti já kúrò láàárín ẹgbẹ́ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù pé n kò ní lè wádìí ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rù pé ìrọ̀rùn tí fóònù ń fún mi á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí o fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara rẹ lóòótọ́. Èmi rí ti àkọ́kọ́ lára rẹ, ó pọ̀. Mo rí díẹ̀ nínú èkejì. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, n kò rí wọn rárá. Ìwọ tí o lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìkàwé lọ wá ohun tí Google á sọ fún ọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ṣé o rántí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, nígbà tí Facebook, WhatsApp àti Instagram kú papọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà? Ọ̀dọ̀ mi lẹ wà. Bátìrì rẹ kún, owó wà lórí fóònù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì MTN ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ o ń pa fóònù, o ń tàn án, o gba tèmi lọ́wọ́ mi láti wò ó bóyá tìrẹ nìkan ni. Táyé gbé bọ́ọ̀lù, ó jáde. Ìgbà tí ìyá rẹ fi ìpè lásán pè ọ́ ní alẹ́ lo tó dúró jẹ́ẹ́.

Ìyá rẹ kì í sọ fún ọ nípa ohun tí Táyé ṣe ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta 2024. Lọ́jọ́ yẹn ni àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní ẹ̀bá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí báńkì pàápàá ń kọsẹ̀ nílẹ̀ wa. Táyé ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà òkè òkun. Àjọkẹ́, ọmọ yẹn ń ta ilẹ̀kùn, ó ń fìbínú dá gbogbo ilé lóhùn, ó gun ọ̀kadà kiri ìgboro pé bóyá ibì kan á mú. Kò jẹun ọ̀sán, kò jẹ tàṣálẹ́. Ẹ̀rù ló bà á, gẹ́gẹ́ bó ṣe bà ọ́ ní abúlé. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sunkún, ìbínú ló fi gbé e jáde, ìyá yín sì pè é ní ọmọ tó mú iṣẹ́ lọ́kùn-únkúndùn. Ìwọ sunkún, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ. Ó dùn mí pé bí a ṣe ń dájọ́ nínú ilé wa nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Fóònù gbígbà yẹn, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí o ka ibí yìí sí ìyá rẹ létí. Ní 2014, Nancy Cheever, Larry Rosen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì kan ní California kó akẹ́kọ̀ọ́ 163 sínú gbọ̀ngàn. Wọ́n gba fóònù ìdajì wọn, wọ́n ní kí ìdajì yòókù pa tiwọn kí wọ́n sì fi pa mọ́. Wọn kò fún wọn ní iṣẹ́ kankan ṣe, wọ́n kàn ń bi wọ́n léraléra bí ọkàn wọn ṣe rí. Bóyá wọ́n gba fóònù ni o, bóyá ó wà nínú báàgì ni o, kò mú ìyàtọ̀ wá. Ènìyàn ló mú ìyàtọ̀ wá. Àwọn tí kì í lo fóònù púpọ̀, ara wọn balẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń lò ó níwọ̀nba, àníyàn wọn gòkè díẹ̀, ó sì dúró. Àwọn tí kì í gbé e sílẹ̀ rárá, ńṣe ni tiwọn ń gòkè ṣáá bí àkókò ti ń lọ. Nítorí náà ẹni tó bá rò pé bí òun bá gba fóònù lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ń tan ara rẹ̀ jẹ.

O sì ní ìyá rẹ sọ pé o ń díbọ́n ni, pé kò sí bí àyà ṣe lè máa já lórí fóònù. Ní 2015, àwọn olùwádìí University of Missouri ní kí àwọn kan máa wá ọ̀rọ̀ nínú àdììtú, wọ́n gbé iPhone wọn jìnnà sí wọn, wọ́n sì pè é kó dún létí wọn láìjẹ́ kí wọ́n gbé e. Ìlù ọkàn wọn yára, ẹ̀jẹ̀ wọn ru, ọwọ́ tí wọ́n fi ń rí ọ̀rọ̀ nínú àdììtú náà sì fà sẹ́yìn. Ara kì í díbọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ní báyìí, mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ apá tó kàn, nítorí òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé. Robert Cloninger, dókítà ọpọlọ ní ìlú St. Louis, ya ohun méjì sọ́tọ̀ nínú ènìyàn ní 1993. Ọ̀kan ni àdámọ́, èyí tí a bí mọ́ni: bí ènìyàn ṣe ń sá fún ewu, bó ṣe ń wá ohun tuntun, bó ṣe ń tẹra mọ́ nǹkan, àti bó ṣe ń fẹ́ kí inú àwọn ẹlòmíràn dùn sí òun tó. Èkejì ni ìwà tí a ń mọ fúnra wa bí a ti ń dàgbà, tí olórí rẹ̀ jẹ́ agbára láti darí ara ẹni: kí n mọ ohun tí mo fẹ́, kí n sì lè ṣe é láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń tì mí. Ní 2018, àwọn olùwádìí kan ní Granada, lórílẹ̀-èdè Spain, fi òṣùwọ̀n Cloninger yìí wo ẹ̀rù àìsí fóònù. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń fẹ́ ojúure ènìyàn gan-an, tí agbára àtidarí ara wọn sì kéré, ni ẹ̀rù náà ń mú jù. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe é, kò sì lè sọ èyí tó ṣáájú nínú ìwà àti fóònù. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, ojú rẹ ni mò ń rí.

Ìwọ lo ń dá gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp lóhùn ní aago méjì òru. Ìwọ ni wọ́n ń bi pé kí ni olùkọ́ sọ, kí ni a máa kà, báwo ni a ṣe máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún wa. O sọ fún mi pé bí ẹnì kan bá ka ọ̀rọ̀ rẹ tí kò fèsì, o máa ń padà lọ ka ohun tí o kọ bóyá o ti ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọ dáadáa ni ọ́, ọkàn rẹ sì fẹ́ràn ènìyàn. N kò ní bẹ Ọlọ́run kó gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ láéláé. Àdámọ́ rẹ ni, ó sì dára. Ohun tó kù láti mọ ni èkejì. Ìwọ náà ní láti jẹ́ ẹni tó ń sọ ìgbà tí òun wà fún ènìyàn àti ìgbà tí òun kò sí. Ẹni tí kò bá rí ọ lónìí á rí ọ lọ́la. Bí ìfẹ́ kan bá wà tó máa bàjẹ́ nítorí pé o sùn, jẹ́ kó bàjẹ́.

Kí a tó wá dé orí ohun tí o máa ṣe, n kò fẹ́ kí o rò pé gbogbo ẹ̀rù fóònù ni kò dára. Ní Nàìjíríà tí a wà yìí, fóònù ni báńkì wa. Láti oṣù kejìlá 2020 ni ìjọba ti ní kí a so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa, mọ́ síìmù. Bí olè bá gba fóònù, ó lè fi síìmù inú rẹ̀ wọ inú owó ènìyàn kí ẹni náà tó dé ọ̀dọ̀ báńkì. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá já nígbà tí fóònù rẹ̀ sọnù ní gáréèjì, làákàyè ló ní. Irú ẹ̀rù yẹn ní oògùn tirẹ̀, kò sì ṣòro: fi PIN sí síìmù rẹ, mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì pa kí o sì kọ ọ́ síbi tí kì í ṣe inú fóònù, fi owó díẹ̀ sínú ìwé kan nínú báàgì. Ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Bí o bá ti ṣe é tán, apá yẹn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ní ti ọ̀nà Èkó, àdéhùn ni kí ìwọ àti ìyá rẹ ṣe. Kí ó pè ọ́ láti gáréèjì kí mọ́tò tó gbéra, kí ó sì tún pè ọ́ nígbà tó bá dé. Láàárín ìgbà méjèèjì, o kò gbọ́dọ̀ pè é. Bí o ṣe ń pè é nígbà mẹ́wàá tí o sì ń gbọ́ pé kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní àárín ọ̀nà, o ń bọ́ ẹ̀rù náà ni. Gba nọ́ńbà ìyá tí wọ́n jọ ń pín ìsọ̀ ní Òṣogbo, gba ti ẹni tó ń ta aṣọ fún un ní Balógun, kọ wọ́n sínú ìwé, kí o sì mọ ti ìyá rẹ àti tèmi sórí. Ọmọ tó mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sórí lè yá fóònù ẹnikẹ́ni lò.

Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn tó ń wo ẹ̀rù sàn ṣe ń ṣe é nìyẹn: ibi tó kéré jù lọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í gòkè títí ara á fi mọ́ ibi tí wọ́n wà. Yan ọjọ́ tí ìyá rẹ wà nílé. Fi fóònù sí họ́sítẹ́ẹ̀lì kí o lọ jẹun. Kí o tó jáde, kọ ohun tí o ń bẹ̀rù pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá dé, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyà rẹ á já, jẹ́ kó já, má sáré padà. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, fi sílẹ̀ fún kíláàsì kan, kó tó di ìrọ̀lẹ́ odindi. Ní alẹ́, àwọn fóònù yín yìí ní ibi tí a ti ń sọ fún wọn pé nọ́ńbà báyìí nìkan ni kó dún. Fi ti ìyá rẹ àti ti Táyé síbẹ̀, kí gbogbo ìyókù dákẹ́ di òwúrọ̀, kí o sì gbé páwà báǹkì kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Sọ fún ẹgbẹ́ kíláàsì rẹ pé lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ o kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbólóhùn yẹn ló máa nira fún ọ jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, mo mọ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí sáà ẹ̀kọ́ yìí bá parí tí àyà ṣì ń já bí tẹ́lẹ̀, tí oorun kò dá, tí o kò lè jókòó ṣe ìdánwò nítorí pé fóònù wà níta, lọ bá àwọn agbaninímọ̀ràn ní ilé ìwé yín. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé orí ẹnikẹ́ni dàrú. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe jẹun ni, mo sì mọ̀ pé ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, pe ìyá rẹ, kí ẹ jọ sọ àdéhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Kò ní gba fóònù lọ́wọ́ rẹ mọ́, kò sì ní fi Táyé bú ọ mọ́. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀ fún mi. Bí ó bá gbàgbé, má bá a jiyàn, rọra sọ fún un pé kó pè mí. Kí o sì fi ìwé fèsì sí mi, kì í ṣe ohùn, kí o sọ èwo nínú ẹ̀rù mẹ́rin yẹn ni o rí lára rẹ, nítorí ìwọ ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Èmi ni,
Màámi rẹ ti Abẹ́òkúta.